Èmi Ta Ni?

Bí ẹ bá wọ ilé gíga yẹn, tí ẹ gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹta, ilẹ̀kùn mẹ́fà lẹ máa bá níbẹ̀, mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì. Ẹ yẹ̀ wọ́n wò dáadáa. Kò sí èyí tí lọ́ọ̀kì rẹ̀ ò tó méjì. Kò sí èyí tí kò ní gíláàsì róbótó kan láàárín, kékeré bí ojú ẹja, tí ẹni tó wà nínú ilé máa ń gbé ojú lé láti wo ẹni tó wà níta, tí ẹni ìta ò sì ní rí nǹkan kan. Ọwọ́ ọkùnrin kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ti jáde. Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ilẹ̀kùn tó gbẹ̀yìn lápá òsì, níbi tó ṣókùnkùn jù lọ, ni tirẹ̀.

Ọkùnrin yìí mọ iṣẹ́, ẹ má wulẹ̀ jẹ́ ká jiyàn! Bó bá di ojú, tó fi àtàǹpàkò pa eyín kọ́kọ́rọ́ lára lẹ́ẹ̀kan, á sọ fún yín bóyá ẹ̀rọ ló gé e tàbí ọwọ́. Ìsọ̀ rẹ̀ ò ju ibi tí èèyàn méjì lè dúró sí lọ, abẹ́ àtẹ̀gùn ilé náà ló wà, ẹ̀rọ tó fi ń gé kọ́kọ́rọ́ sì máa ń ké kííí láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ká sòótọ́, ẹnu rẹ̀ ń tà ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Bó bá ti fi lọ́ọ̀kì sí ilẹ̀kùn oníbàárà tán, á nu ọwọ́, á wá fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ yọ.

"Bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn, kí lẹ máa sọ?"

Oníbàárà á ní, "Màá ní, 'Ta ni?'"

"Ẹ káre. Bí wọ́n bá wá ní, 'Èmi ni' ńkọ́?"

"Màá ṣí i."

"Háà! Ẹ ti kú nìyẹn! Ṣé ẹ rò pé olè á sọ pé òun kọ́ ni? Gbogbo olè ayé yìí, Èmi ni wọ́n ń jẹ́!"

Oníbàárà á rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà ẹ̀rín á kúrò lẹ́nu rẹ̀, á wo ilẹ̀kùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, á ní kí ó bá òun fi irin ìdábùú kan kún un.

Ohun tó wá ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé Èmi Ni yẹn gan-an ló tọ́ ọkùnrin náà dàgbà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ọdún mẹ́sàn-án jù ú lọ. Èbúté ni ẹ̀gbọ́n yìí ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń ké sí èrò tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi, ohùn rẹ̀ sì le débi pé àwọn tó wà ní òdìkejì omi á ti máa di ẹrù wọn kí ọkọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Agogo ni wọ́n sọ ọ́. Nírọ̀lẹ́, bí Agogo bá dé, kì í kan ilẹ̀kùn. Láti ẹnu ọ̀nà ìta ló ti máa ké e: "Èmi ni o!" Àbúrò á fò dìde pẹ̀lú oúnjẹ lẹ́nu, á sáré ṣílẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó béèrè rí pé èmi wo. Èmi mélòó ló wà láyé nígbà náà? Ẹyọ kan ni.

Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí àbúrò ti wá sí ìlú ńlá. Ní oṣù àkọ́kọ́, gbogbo ẹni tó bá pàdé lórí àtẹ̀gùn ló ń kí. Ẹ káàárọ̀ o! Ẹ kú ẹrù! Ẹ kú òtútù yìí! Lọ́jọ́ kan, ó kí èèyàn mẹ́rìnlá kó tó délẹ̀. Àwọn méjì dáhùn. Ẹnì kan dúró, ó wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "Kí lẹ fẹ́?" Àwọn mọ́kànlá tó kù ṣe bíi pé afẹ́fẹ́ ló fẹ́ kọjá.

Lọ́dún kejì, ó dín ìkíni kù, ó kàn ń mi orí. Lọ́dún kẹta, orí ò mì mọ́, ògiri ló ń kọjú sí bí ẹnì kan bá ń bọ̀. Nígbà tó fi máa di ọdún kẹwàá, bí àlejò kan bá ṣèèṣì kí i lórí àtẹ̀gùn, òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ pé, "Kí lẹ fẹ́?" Ẹ ò rí nǹkan bí? Kò sẹ́ni tó pè é jókòó kọ́ ọ. Ó kàn ń wọ̀ ọ́ lára díẹ̀díẹ̀ ni, bí òtútù ilẹ̀ ṣe ń ti àtẹ́lẹsẹ̀ wọ èèyàn lára. Òun tiẹ̀ rò pé ọgbọ́n lòun ń gbọ́n.

Ẹ gbọ́ èyí náà. Gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀ àjà kẹta kú. Ó pé oṣù méje, kò sẹ́ni tó pààrọ̀ rẹ̀ nínú ilẹ̀kùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, nítorí kò sí níwájú ilẹ̀kùn ẹnì kankan ní pàtó. Gílóòbù tuntun mẹ́ta wà nínú àpótí irinṣẹ́ Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́. Iná fóònù ló fi ń wá ihò kọ́kọ́rọ́ ara rẹ̀.

Ìjà òun àti Agogo kò ju gbólóhùn kan lọ. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, Agogo àti ìyàwó rẹ̀ déédéé gbéra láti ilé, wọ́n ní àwọn ń lọ kí àbúrò. Wọn ò sọ fún un. Ṣé ẹnì kan ń sọ tẹ́lẹ̀ kó tó lọ sílé ọmọ ìyá rẹ̀ ni? Ọjọ́ náà, iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní òpin ìlú, ìyàwó rẹ̀ sì wà níbi iṣẹ́. Àwọn àlejò jókòó sórí ẹrù wọn níwájú ilẹ̀kùn láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tó dé, tó rí wọn, ó yọ̀, ó dì mọ́ wọn, àmọ́ ìlú ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa pè kí ẹ tó wá."

Agogo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Ó wojú ìyàwó rẹ̀. Ó tún wojú àbúrò. Kò rí àwàdà kankan níbẹ̀.

"Kí n máa pè?" Ohùn yẹn gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, ilẹ̀kùn márùn-ún ò sì ṣí. "Èmi tí mo pọ̀n ọ́, kí n máa pè ọ́ kí n tó rí ọ?"

"Ẹ̀gbọ́n, bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí ni. Ẹ má bínú."

"Mi ò bínú. Ó yé mi. Mi ò ní pè, mi ò sì ní wá."

Agogo kì í sọ̀rọ̀ kó yẹ̀ ẹ́. Ọdún mẹ́rin kọjá. Àbúrò á tẹ nọ́ńbà lórí fóònù, á pa á kó tó dún. Kí ló fẹ́ sọ? Ohùn tó máa ń ké Èmi ni o láti ẹnu ọ̀nà ló ń wá. Kò sí ohun mìíràn tó ń wá nílé ayé yìí tó jù ú lọ, ṣùgbọ́n kò mọ bí wọ́n ṣe ń lọ bá èèyàn láìjẹ́ pé wọ́n pè é síṣẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, ìyàwó Agogo pè é.

"Ọkọ mi, ẹ káàárọ̀ o."

"Ìyàwó ẹ̀gbọ́n! Ṣé kò sí?"

"Kò sí o. Ẹ̀gbọ́n yín ní òun ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Kò sọ ọjọ́. Ó lóun ní ọ̀rọ̀ kan láti bá yín sọ."

"Ọ̀rọ̀ kí ni? Ẹ gbé fóònù fún un."

"Ó ní ẹnu òun lòun máa fi sọ ọ́, ojú kojú. Ó ní kí n má sọ nǹkan kan kún un. Ó sì lóun ò ní pè kí òun tó wá o!"

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò jinlẹ̀. Àbúrò ò kíyè sí i. Inú rẹ̀ ti ń dùn jù! Lọ́jọ́ yẹn gan-an ló lọ ra bẹ́ẹ̀dì fóòmù tuntun, tó rù ú gun àtẹ̀gùn, tó ń súfèé. Ó gbálẹ̀, ó nu fèrèsé, ó yí àga padà lẹ́ẹ̀mẹta.

Ìyàwó rẹ̀, tó ń fọ aṣọ ní ilé ìtura kan, jókòó, ó ń wò ó. "Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́, kí ló dé tí ẹ̀yin náà ò fi lọ bá a láti ọdún mẹ́rin?"

"Ojú ń tì mí ni."

"Ẹ kúkú fi gíláàsì sójú yẹn náà, kí ẹ máa yọjú láti inú ilé."

"Ìwọ sáà máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bí mo bá gbọ́ ohùn yẹn láti ìsàlẹ̀, mi ò ní dúró wọ bàtà."

Ó dúró dè é ní Sátidé. Ó dúró dè é ní Sọ́ńdè, kò tiẹ̀ jáde. Ní Mọ́ńdè, ó ṣí ìsọ̀, ọkàn rẹ̀ ò sí níbẹ̀, ẹ̀rọ sì gé e níka. Bó ṣe di Túsìdeè, ó wà nílé pẹ̀lú báńdéèjì lọ́wọ́, ó ń tẹ́tí sí ìsàlẹ̀.

Aago méjì ọ̀sán kọjá díẹ̀. Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Kíkàn náà ò le, bí ẹni fi èékánná họ igi ni.

Kò fò dìde. Agogo kọ́ nìyẹn, Agogo kì í kan ilẹ̀kùn. Ó rọra yọ́ lọ sẹ́nu ọ̀nà, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń kọ́ àwọn oníbàárà.

"Ta ni?"

"Èmi ni."

Ohùn kan tó ha, tó gbẹ, bí ìgbà tí wọ́n bá ń wọ́ páànù lórí yanrìn. Ó gbé ojú lé gíláàsì. Òkùnkùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni, gílóòbù tó kú ni, gíláàsì náà sì máa ń fẹ ohun gbogbo lójú. Ó rí òjìji ọkùnrin kan tó rù kangẹ, imú rẹ̀ wú bí ìgò, aṣọ kan wé mọ́ ọrùn rẹ̀ títí dé àgbọ̀n, àpò ọ̀rá sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ní: alágbe ni, tàbí nǹkan mìíràn.

"Èmi ta ni?"

Ẹni náà gbé itọ́ mì, ó sì pẹ́ kó tó lọ. Ó tún wí pé, "Èmi ni."

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi rò ó! Orúkọ kan péré ló kù. Bí ẹni yẹn bá dárúkọ ara rẹ̀, ilẹ̀kùn á ṣí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dárúkọ ara rẹ̀ fún ọmọ ìyá rẹ̀? Ẹni tó wà nínú ilé ò sì gbọ́ ju ọ̀rọ̀ tí ẹnu rẹ̀ ti tà fún gbogbo àdúgbò. Ó di èémí mú bíi pé kò sẹ́ni nílé, bẹ́ẹ̀ òun ló sì dáhùn tẹ́lẹ̀.

Ní ìgbà kẹta, ohùn náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. "Èmi ni."

Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ rọra wọ́ kúrò. Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ fa irin ìdábùú kejì, ó padà sídìí fèrèsé, ó ń tẹ́tí sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Nígbà tó yá, ìyàwó rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, ó fi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ ṣílẹ̀kùn, ó sì yára tì í.

"Ọkùnrin kan jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, ó tiẹ̀ nawọ́, mo di báàgì mi mú, mo sáré kọjá."

"Ó kan ilẹ̀kùn níbí náà. Ṣé o wo ojú rẹ̀?"

"Kí n máa wojú ẹni ẹlẹ́ni lórí àtẹ̀gùn? Ṣé orí mi dàrú ni?"

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà bu omi mu. Fóònù dún, ìyàwó Agogo ni.

"Ọkọ mi, ṣé ẹ ti jọ sọ̀rọ̀ tán? Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ o, kó má pàdánù ọkọ̀ aago mẹ́rin. Ọ̀la ni wọ́n máa gbà á wọlé nílé ìwòsàn."

"Ilé ìwòsàn kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n ò tíì dé."

"Ó ti dé. Láti àárọ̀ ló ti kúrò níbí." Ẹkún ti wọ ohùn rẹ̀. "Gògóńgò rẹ̀ ni. Wọ́n ní bí wọn ò bá yọ ọ́ lọ́jọ́bọ̀, ó máa pa á. Dókítà ní kò ní lè sọ̀rọ̀ mọ́ láyé. Ló bá ní àfi kí òun wá bá yín fọ̀rọ̀ wérọ̀ nígbà tó ṣì kù díẹ̀. Ohùn náà ò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ mọ́. Ọkọ mi? Ọkọ mi, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

Kò wọ bàtà. Ó mú ìlérí yẹn ṣẹ, ó kéré tán. Àtẹ̀gùn ṣófo. Ó sáré dé ibùdókọ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, báńdéèjì ń tú lọ́wọ́ rẹ̀, ọkọ̀ aago mẹ́rin sì ti lọ. Agogo kì í gbé fóònù dání. Ó dúró láàárín èrò, ó ń wojú gbogbo èèyàn, ojú kan lẹ́yìn òmíràn, ohun tí kò ṣe láti ọdún mẹ́rìndínlógún. Àwọn èèyàn ń di báàgì wọn mú.

Ọkọ̀ tó tẹ̀ lé e, Ọjọ́rú ló tó lọ, ó sì bà jẹ́ lójú ọ̀nà. Nígbà tó fi máa dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́bọ̀, wọ́n ti gbé Agogo wọlé fún iṣẹ́ abẹ.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó jẹ́ kó rí i. Ihò kan wà nísàlẹ̀ ọrùn rẹ̀, ibẹ̀ ló ń gbà mí, ó ń dún fìì, fìì. Ìyàwó rẹ̀ gbé ìwé àti bírò lé e lọ́wọ́. Àbúrò kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì náà.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Ẹ dárí jì mí. Kí lẹ fẹ́ bá mi sọ? Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Ohun yòówù kó jẹ́, ẹ kọ ọ́."

Agogo wò ó pẹ́. Kò bínú, ká ní ó bínú ni, ì bá sàn. Ó kọ ọ̀rọ̀ méjì: *Mo wá.*

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ náà ńkọ́?"

Bírò náà dúró lórí ìwé, kò lọ, kò bọ̀. Nígbà tó tún rìn, ó kọ: *Ọ̀rọ̀ ẹnu ni.* Ó pa ìwé dé, ó sì kọjú sí ògiri.

Àbúrò wojú ìyàwó ẹ̀gbọ́n. Obìnrin náà mi orí. "Èmi náà ò mọ̀ ọ́n, ọkọ mi. Ó ní ti ẹ̀yin nìkan ni."

Báyìí, ó máa ń pè wọ́n. Gbogbo Sọ́ńdè ló ń pè, ìyàwó Agogo á gbé fóònù sétí ọkọ rẹ̀. Àbúrò á sọ̀rọ̀, á sọ nípa ìsọ̀, á sọ nípa òjò, á dákẹ́, á tẹ́tí. Fìì, fìì. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀, ẹnì kan á pa fóònù, kò sì mọ ẹni tó pa á nínú àwọn méjèèjì.

Ó fi gílóòbù tuntun sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Iná rẹ̀ funfun báláú. Kò sẹ́ni tó dúpẹ́, kò sẹ́ni tó béèrè ẹni tó ṣe é.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, wọ́n kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́sàn-án. Obìnrin tó ń gbé nínú yàrá tó dojú kọ àtẹ̀gùn, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ìta ti ń wọlé díẹ̀, ni. Ó pé ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti jọ ń gbé àjà kan, iṣẹ́ nìkan ló mú wọn sọ̀rọ̀ rí.

"Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́, ẹ bá mi fi irin ìdábùú kan kún tèmi. Láti ọjọ́ tí ọkùnrin kan ti wá jókòó sórí àtẹ̀gùn wa yẹn, oorun mi ò já geere."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lára àpótí irinṣẹ́. "Ọkùnrin wo?"

"Ọ̀kan tó rù báyìí, tó wé aṣọ mọ́rùn. Gíláàsì tí ẹ ṣe fún mi yẹn dára o! Ojú mi ò kúrò lára rẹ̀ fún wákàtí kan gbáko. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń dá sọ̀rọ̀. Á sọ ọ́, á mi orí, á tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ọmọ tó fẹ́ lọ ka ìwé níwájú tíṣà."

"Kí ló ń sọ?"

"Ẹnu rẹ̀ ni mo rí tó ń mì."

"Ẹ rántí dáadáa, ìyá. Ọ̀rọ̀ kan péré. Kí lẹ gbọ́?"

"Báwo ni mo ṣe máa gbọ́ ọ? Ṣé ẹ ti gbàgbé fóòmù tí ẹ fi sẹ́yìn ilẹ̀kùn mi kí ariwo má bàa wọlé ni? Mi ò gbọ́ bíńtín." Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, ó fọwọ́ gbá ilẹ̀kùn náà, gbì. "Iṣẹ́ yín dáa, ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́."

Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ gbé ẹ̀rọ ìlu-ihò. Ó lu ihò mẹ́rin, ó de irin náà, ó fà á lọ, ó fà á bọ̀, ó wọlé wẹ́kú. Ó nu ọwọ́. Ibi tó ti máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ rèé, obìnrin náà sì dúró dè é, ẹnu rẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín.

"Bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn..." Kò lè parí rẹ̀.

"Mo mọ̀ ọ́n!" ni obìnrin náà wí. "Gbogbo olè ayé yìí, Èmi ni wọ́n ń jẹ́!"

Ó wọlé. Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ dúró sábẹ́ iná báláú náà, ó ń gbọ́ bí irin tuntun náà ṣe ń wọ ihò rẹ̀.